Sójà ara ò sùn: àlàyé lórí àjèjì purotéènì tó ń hàn lára jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró

Ó ti lé ní ogún ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń ta àǹkárá ní ọjà Balógun, ní Erékùṣù Èkó. Bí wọ́n bá tú ẹrù tuntun, ojú nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń yẹ aṣọ wò. Wọ́n á fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú etí aṣọ, wọ́n á máa fà á kọjá díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà. Lọ́jọ́ kan tí mo jókòó tì wọ́n, mo rí i tí ìka wọn dúró lójijì. Wọ́n tẹ́ aṣọ náà sórí orúnkún. Àwòrán ẹyẹ ló wà lára rẹ̀, ẹyẹ tí kò níye, ọ̀tún ni gbogbo wọn ń wò. Ní ìlà kan ṣoṣo, àwọ̀ ojú ẹyẹ ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Èmi ò bá má rí i láéláé. Wọ́n ní, "Eléyìí ò jọ àwọn yòókù," wọ́n sì yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ìka yẹn ni mo rántí nígbà tí wọ́n wá bá mi nílé ní Yábà, ìwé àyẹ̀wò ọkọ wọn lọ́wọ́. Àlájì ti ń wúkọ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ lọ fún wọn ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n lò ó fún oṣù márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí oṣù márùn-ún yẹn. Nígbà tí wọ́n wá ya àwòrán àyà wọn níbòmíràn, tí wọ́n sì gé díẹ̀ lára kókó tí wọ́n bá níbẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí: PD-L1, 60%.

Ẹ̀gbọ́n mi ò béèrè ohun tí nọ́ńbà yẹn jẹ́. Ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn ni wọ́n sọ. "Ọkùnrin tó ń polówó àgbo nínú dáńfó ní bí sójà ara bá ti lágbára, jẹjẹrẹ ò lè ráyè. Ṣé sójà ara Àlájì ló wá kú ni? Àbí oúnjẹ tí mò ń sè ni ò dáa tó? Mo ti ra ìgò mẹ́ta."

Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mò ń ṣe, èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mo lè dáhùn ìyẹn. Bí a bá gé díẹ̀ lára kókó ẹ̀dọ̀fóró, tí a rẹ ẹ́ ní aró, tí a gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, lọ́pọ̀ ìgbà la máa ń bá sójà ara nínú kókó náà gan-an. Sẹ́ẹ̀lì róbótó kéékèèké ni wọ́n, wọ́n dúdú bí èso inú ìbẹ́pẹ, wọ́n tò yí jẹjẹrẹ ká, àwọn mìíràn ti wọ àárín rẹ̀. Wọn ò kú, wọn ò sì sùn. Wọ́n ti débẹ̀ tipẹ́. Ó ku ká mọ ohun tó júwe ibẹ̀ fún wọn, àti ohun tó dá wọn dúró nígbà tí wọ́n dé.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ gbà pé jẹjẹrẹ kì í ṣe kòkòrò tó ti ìta wọlé. Sẹ́ẹ̀lì ara ẹni ni, ọmọ bíbí inú ilé. Sójà ara tó bá ń pa ọmọ ilé yóò ba ilé jẹ́, nítorí náà ara ti kọ́ wọn láti má ṣe fọwọ́ kan ọmọ ilé. Lẹ́yìn egungun àárín àyà wa ni ẹ̀yà ara kan wà tó ń jẹ́ thymus. Ibẹ̀ ni àwọn sójà tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó bá gbá ọmọ ilé mú nínú ìdánwò, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pa á. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tó jáde síta ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìjà pẹ̀lú ohun tí ara ti mọ̀. Ohun tó bá ṣàjèjì ni wọ́n ń wá kiri.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wá a? Ìka ẹ̀gbọ́n mi ni. Sẹ́ẹ̀lì T ò ní ojú, ńṣe ló ń fọwọ́ kàn án. Ó ń lọ láti ara sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, ó ń tọ́ ara wọn wò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ purotéènì ń bẹ nínú sẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún, bí ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Sójà ò lè wọlé lọ tú ẹrù. Nítorí náà sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń pàtẹ. Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, oríṣi 20 ni ìlẹ̀kẹ̀ tí ara ń lò. Sẹ́ẹ̀lì á já díẹ̀ nínú gbogbo ohun tó ń ṣe, á gé e sí ègé kéékèèké, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́jọ sí mọ́kànlá nínú ègé kan, á sì gbé e jáde sórí àtẹ, kí ẹni tó ń kọjá lè tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá ti rìn ní Balógun rí ti rí i bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ pélébé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà lè mọ ohun tó wà nínú. Bákan náà ni.

HLA ni orúkọ àtẹ yẹn. Àtẹ tèmi yàtọ̀ sí tìrẹ, nítorí pé a jogún ìdajì rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Peter Doherty àti Rolf Zinkernagel ló fi hàn, ní Australia ní nǹkan bí 1974, pé sójà ara ń wo ọjà àti àtẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ yẹn ló gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 1996.

Níbo wá ni ohun àjèjì ti ń dé orí àtẹ jẹjẹrẹ?

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni àṣìkọ. Ìwé ìlànà tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa, tí à ń pè ní DNA, lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó gùn tó bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà. Àwa tí à ń kọ Yorùbá mọ ohun tí àmì kékeré kan lè ṣe. Ọkọ́ ni a fi ń kọ ebè, ọkọ ni a ń fẹ́, ọkọ̀ ni a ń wọ̀. Bí àmì kan bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Èéfín sìgá ní kẹ́míkà tó lé ní 60 tí a mọ̀ pé ó lè fa jẹjẹrẹ, àwọn kan lára wọn sì máa ń lẹ̀ mọ́ DNA nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí lẹ́tà yóò fi yí padà nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń da ìwé náà kọ. Lẹ́tà kan yí padà, ìlẹ̀kẹ̀ kan yí padà nínú purotéènì, ègé tó jáde sórí àtẹ náà ò sì jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Neoantigen ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ègé bẹ́ẹ̀. Òun ni ojú ẹyẹ tó yẹ̀.

Ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ Àlájì, ní Ṣómólú. Wọ́n mu sìgá nígbà èwe, wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé. Jẹnẹrétọ̀ oní-dísù sì ń bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn láti àárọ̀ di alẹ́. Ní 2012 ni àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi èéfín dísù sí ara ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Kò sí ẹni tó lè na ìka sí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí pé òun ló ṣe Àlájì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ni mo fi ṣàlàyé ohun tó kàn fún wọn, ó sì yé wọn kíá. Bí àṣìṣe bá wà lára pléètì àkọ́kọ́, gbogbo ìwé tí a bá fi tẹ̀ ló máa gbé àṣìṣe náà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀dà kan ló bàjẹ́ lẹ́yìn náà, tí a wá da ẹ̀dà yẹn kọ, díẹ̀ nínú ìwé ni yóò ní in. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ. Àṣìkọ kan lè wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì kókó náà, òmíràn lè wà ní ẹ̀gbẹ́ kan péré. Ní 2016, àwọn onímọ̀ tó ń bá Charles Swanton ṣiṣẹ́ ní London fi hàn pé kókó ẹ̀dọ̀fóró tí àṣìkọ rẹ̀ bá kárí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni sójà ara máa ń rọrùn fún láti bá jà. Èyí tó bá jẹ́ àbùlà, sójà lè pa apá kan kí apá kejì máa dàgbà lọ.

Nítorí pé sìgá ń fa àṣìkọ púpọ̀, jẹjẹrẹ ẹni tó mu sìgá sábà máa ń ní ohun àjèjì púpọ̀ lórí àtẹ, ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2015 sì fi hàn pé àwọn tí àṣìkọ wọn pọ̀ ni oògùn tí mo máa sọ nísàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún jù. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan fi èyí gbè sìgá lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí sìgá kò bá sun ilé rẹ̀ kò ní í máa wá omi tí yóò fi pa iná.

Àṣìkọ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn purotéènì kan wà tí a kọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò yẹ kí wọ́n wà níbi tí a ti rí wọn. MAGE-A3 jẹ́ ọ̀kan. Nínú àgbàlagbà, kórópọ̀n ọkùnrin ni èèyàn ti sábà lè retí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó wọ́pọ̀ jù ló ń ṣe é. Wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára lòdì sí i, wọ́n dán an wò lára aláìsàn tó lé ní 2,000, ní 2014 èsì jáde pé kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìjákulẹ̀ ńlá ni, ó sì kọ́ni pé kí sójà mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí kó ríbi bá a jà.

Èyí tó ya èmi lẹ́nu jù ni ti fáírọ́ọ̀sì àtijọ́. Nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ìwé DNA wa jẹ́ àjẹkù fáírọ́ọ̀sì tó wọ ara àwọn baba ńlá wa láti àìmọye ọdún, tí ara ti tì mọ́lé. Nínú jẹjẹrẹ, títì yẹn a máa já. Purotéènì fáírọ́ọ̀sì tó ti kú tipẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára sẹ́ẹ̀lì. Ní 2023, ilé ìwádìí Francis Crick ní London fi hàn pé ara àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe áńtíbọ́dì, ìyẹn ohun ìjà inú ẹ̀jẹ̀, lòdì sí purotéènì àtijọ́ wọ̀nyí, ó sì ń ṣe ìrànwọ́ nínú ìjà náà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí irú kan tó yẹ kí gbogbo Èkó mọ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan wà tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré gan-an, tó ń yára dàgbà, tó sì jẹ́ pé àwọn amusìgá ló sábà máa ń mú. Ó máa ń ṣe purotéènì tó jẹ́ ti ọpọlọ àti iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ. Ọ̀kan lára wọn ń jẹ́ Hu, lẹ́tà inú orúkọ aláìsàn kan ni wọ́n fi sọ ọ́. Sójà ara á rí Hu nínú ẹ̀dọ̀fóró, ibi tí kò yẹ kó wà, wọ́n á sì dìde sí i. Wọ́n ṣe é dáadáa. Àmọ́ Hu kan náà ń bẹ nínú ọpọlọ àti iṣan tí ara wọn dá ṣáṣá. Ìjà á tàn débẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú tìpìrì, ìrìn rẹ̀ á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, nígbà mìíràn iyè rẹ̀ á máa ra. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ kó tó wúkọ́ rárá, nígbà tí kókó náà ṣì kéré débi pé ó ṣòro láti rí.

Èyí tó sún mọ́ ọn ni àìsàn tí àwọn dókítà Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe ní 1956, tí wọ́n fi orúkọ Lambert àti Eaton pè. Áńtíbọ́dì ló ń dí ilẹ̀kùn tí kálísíọ̀mù ń gbà wọ etí iṣan, tí àṣẹ ọpọlọ kì í fi í dé ẹran ara dáadáa. Itan á rẹ̀ ẹ́, ẹni náà á fẹ́ dìde lórí àga, kò ní í lè dìde. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní in ló ní jẹjẹrẹ onísẹ́ẹ̀lì kékeré yẹn. Ládùúgbò wa, wọ́n á ní ó ti tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀, wọ́n á gbé e kiri ilé babaláwo àti orí òkè àdúrà. Ẹni tó bá ti mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí itan rẹ̀ ṣàdédé ń rẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Ohun mìíràn ni pé àwọn tó ní àìsàn Lambert àti Eaton pẹ̀lú jẹjẹrẹ náà sábà máa ń pẹ́ láyé ju àwọn tó ní jẹjẹrẹ náà nìkan. Ó jọ pé ìjà tó ń yọ iṣan lẹ́nu ń yọ jẹjẹrẹ náà lẹ́nu.

Ó wá ku ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi. Bí sójà bá mọ ọ̀tá, kí ló dá a dúró?

Ìjánu ni. Sẹ́ẹ̀lì T kọ̀ọ̀kan ní ìjánu lẹ́nu, PD-1 ni orúkọ ọ̀kan lára wọn. Ara fi í síbẹ̀ fún ire wa, kí ìjà lè rọlẹ̀ nígbà tí àìsàn bá ti lọ. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá gbé PD-L1 síta, tó fi kan PD-1, ńṣe ló fa ìjánu. Sójà á dúró síbẹ̀, á máa wò ó, kò ní í yìnbọn. Jẹjẹrẹ ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé Àlájì ń sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ọgọ́ta ló ń gbé PD-L1 dání. Jẹjẹrẹ ní ọgbọ́n mìíràn. Ó lè pàdánù apá kan lára àtẹ HLA, kí sójà má rí nǹkan fọwọ́ kàn. Ó sì lè kó àwọn sójà onílàjà mọ́ra, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pẹ̀tù sí ìjà inú ara. Ìmọ̀ nípa àwọn onílàjà yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2025 fún Mary Brunkow, Fred Ramsdell àti Shimon Sakaguchi.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ wò ó, sójà Àlájì ò sùn, ebi ò sì pa á. Wọ́n so ó lẹ́nu ni. Oúnjẹ yín ò ṣẹ̀." Wọ́n sunkún. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dá ara wọn lẹ́bi, èmi ò sì mọ̀.

Ohun tí oògùn tuntun ń ṣe ni pé ó ń tú ìjánu yẹn. Tasuku Honjo àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Kyoto ló rí PD-1 ní 1992. James Allison ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí ìjánu mìíràn tó ń jẹ́ CTLA-4. Àwọn méjèèjì ló pín ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Láti 2016 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí pembrolizumab gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́kọ́ fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí PD-L1 rẹ̀ bá tó 50% sókè, tó sì ti tàn káàkiri ara. Dírípù ni wọ́n fi ń fà á sára, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́fà mẹ́fà. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Àwọn tí kò mu sìgá rí, tó jẹ́ àṣìkọ kan nínú jíìnì (ìyẹn ìpín kan nínú ìwé DNA) tó ń jẹ́ EGFR ló ń ti jẹjẹrẹ wọn, kì í sábà ṣe wọ́n láǹfààní. Oògùn oníhóró mìíràn ló wà fún wọn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n yẹ jíìnì wò kí wọ́n tó mú oògùn. Ó sì wọ́n. Ó wọ́n débi pé ẹlòmíràn á ta ilẹ̀ kó tó ra díẹ̀, ó dùn mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, ó sàn kẹ́ ẹ ti mọ̀ ṣáájú.

Sójà tí a tú ìjánu rẹ̀ lè ṣi ẹ̀ṣẹ́ jù. Ó lè bá ìfun jà, kí ìgbẹ́ gbuuru má dúró. Ó lè bá ẹ̀dọ̀fóró tó dára jà, kí èémí máa há. Ó lè bá ẹṣẹ́ ọrùn tó ń ṣe họ́mónù jà, kí ó máa rẹ èèyàn ṣáá. Èyí lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù pàápàá. Ẹni tó wà lórí oògùn yìí, tó bá ń ṣu gbuuru, kó má lọ ra kápúsù ní kẹ́míìsì ìta. Dókítà jẹjẹrẹ rẹ̀ ni kó pè lọ́jọ́ náà gan-an, torí wọ́n ní oògùn tó ń fa ìjánu padà díẹ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá tètè lò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni, nígbà mìíràn tí kì í wọ́pọ̀, kókó lè tóbi sí i nínú àwòrán àkọ́kọ́ lẹ́yìn oògùn, nítorí pé sójà ti ya wọ inú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń lọ sí ibi ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó wà ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà. Ẹ̀gbọ́n mi fa ìwé gbèsè wọn jáde, wọ́n yí i padà sí ẹ̀yìn, wọ́n kọ ìbéèrè mẹ́ta: ṣé wọ́n ti yẹ EGFR wò, ṣé kókó náà jẹ́ onísẹ́ẹ̀lì kékeré àbí irú kejì, nọ́ńbà wo ni a ó pè tí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀ lóru. Wọ́n wá bi mí pé kí àwọn ṣe ìgò àgbo mẹ́ta náà báwo. Àgbo kan lè pa ẹ̀dọ̀ lára, dókítà á sì rò pé oògùn ló fà á. Mo ní kí Àlájì má mu ún mọ́, kí wọ́n sì kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò kí dókítà lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n kọ sára wọn.